Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ kì í ṣe ìsinmi: ìtàn bí àwọn oníṣègùn ṣe kọ́ láti gbé aláìsàn dìde

 Èmi nọ́ọ̀sì yín ni mo tún dé. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Bí ojú bá ń ṣú, ẹ jẹ́ kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kà á fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ dópin. A ò ní rí àìsàn tó ń gbéni lọ sí ICU o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń ran ẹni rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìṣòro.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, òtútù àyà tó le kọlu ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí àwa ọmọ ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Wọ́n gbé e wọ ICU, ìyẹn wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ti dé etí bèbè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Ọlọ́run ṣe é, ó yè, a gbé e wálé pẹ̀lú orin.

Nígbà tó délé, gbogbo wa pagbo yí i ká. Ó ní òun fẹ́ jókòó, a ní kó dùbúlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, a ní, "Ìyá, ẹ sinmi, ara yín ò tíì yá." Èmi nọ́ọ̀sì gan-an ni mo gbé póò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mo ní ìyá kò gbọdọ̀ rìn dé ilé ìyàgbẹ́. Kí oṣù kan tó pé, ẹsẹ̀ ìyá ti gbẹ bí igi, egbò sì ti yọ sí i ní ìdí. Oṣù mẹ́jọ ló gbà kó tó lè dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kó tó ṣàìsàn, èlùbọ́ ló ń tà lọ́jà. Kò padà sí ìsọ̀ yẹn mọ́ títí ó fi jáde láyé.

Mo ti rò ó títí. Àìsàn nìkan kọ́ ló gba ìsọ̀ náà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ìfẹ́ àwa ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí mo ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo bá nílẹ̀ ni. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, bí a bá kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí aláìsàn má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó ń béèrè títí dìgbà wo. Ta wá ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀dì di oògùn? Báwo ni wọ́n sì ṣe wá mọ̀ pé oògùn náà ń ṣe ibi? Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn.

*Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ oògùn*

Ní London, láàárín ọdún 1860 sí 1862, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ John Hilton ṣe àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìsinmi àti ìrora. Ní 1863, ó kó wọn jọ sínú ìwé, ìwé náà sì gbajúmọ̀. Hilton ní ìsinmi ni ara fi ń tún ara ṣe. Kò sì parọ́: egungun tó kán àti oríkèé tó wú nílò ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tó dára fún egungun tó kán ni wọ́n sọ di òfin fún gbogbo àìsàn. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ inú fún a máa lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì. Kódà abiyamọ tó bímọ wẹ́rẹ́, wọ́n á ní kó má fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ rántí bí àwọn ìyá yín ṣe tọ́jú yín nígbà tí ẹ bímọ. Òótọ́ ni pé wọ́n gba iṣẹ́ líle lọ́wọ́ yín, wọ́n ní kí ẹ má jáde. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ sùn gbalaja bí? Wọ́n á gbé yín dìde lọ wẹ omi gbígbóná, ẹ ó jókòó jẹun, ẹ ó jókòó fọ́mọ lọ́mú. Ìsinmi wà níbẹ̀, ara sì ń mira.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dókítà kan ní Chicago tó ń jẹ́ Emil Ries kọ̀wé ní 1899 pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú, òun ń jẹ́ kí àwọn obìnrin tí òun tọ́jú dìde láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ara wọn sì ń tètè yá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló tẹ̀lé e. Ẹ̀rù ń ba àwọn yòókù pé ojú abẹ á là. Ẹ̀rù yìí kan náà ni mo ṣì ń bá pàdé lónìí nínú ilé àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fún.

Ogun ló bá wọn yí ọkàn padà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, bẹ́ẹ̀dì ò tó, nọ́ọ̀sì ò tó, wọ́n ní láti tètè gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ dìde. Ẹnu yà wọ́n: àwọn tó tètè dìde kò kú, ara wọn tilẹ̀ tètè mókun. Ní 1944, dókítà William Dock kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà pé ìdùbúlẹ̀ láìdìde ń ṣe ara ní ibi. Ní 1947, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Asher, kọ àpilẹ̀kọ nípa ewu tó wà nínú lílọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ka ewu náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan ẹsẹ̀, omi á rọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, egungun á rọ, ìgbẹ́ á le, egbò á dá sí ìdí, ọkàn aláìsàn á sì rẹ̀wẹ̀sì.

*Àga ní Boston, ọ̀pá èémí ní Copenhagen*

Nígbà yẹn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ lójijì ni wọ́n ń dá dùbúlẹ̀ jù lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni, wọn kì í sábà jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ní ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní Boston, àgbà dókítà Samuel Levine àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ Bernard Lown ní kí wọ́n gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú láti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn. Inú àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn kò dùn sí i, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ pa ènìyàn ni. Ní 1952, àwọn méjèèjì kọ̀wé nípa aláìsàn 81 tí wọ́n tọ́jú lórí àga. Àga kò pa wọ́n. Látìgbà yẹn ni bẹ́ẹ̀dì ti bẹ̀rẹ̀ sí pàdánù ipò rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọkàn.

Ọdún 1952 yẹn kan náà ni ọ̀ràn mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Copenhagen, olú ìlú Dẹ́nmáàkì, èyí tó wá bí ICU. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà níbẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kò lè mí mọ́. Nínú 31 àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbà náà tọ́jú, 27 ló kú. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí wọ́n dá ihò sí ọ̀fun aláìsàn, kí wọ́n ki ọ̀pá sí i, kí ènìyàn sì máa fọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tọ̀sán-tòru. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra wọn. Ikú dínkù gidigidi. Ní òpin 1953, Ibsen ṣí wọ́ọ̀dù kan fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé òun ni ICU àkọ́kọ́ láyé.

*Bí oorun ṣe gba ICU*

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí nìyí: ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí kì í sùn bí òkú. Dókítà Thomas Petty, tó ṣiṣẹ́ ní Denver ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1960, sọ pé nígbà náà, ojú aláìsàn máa ń là, wọ́n á jókòó lórí àga, wọ́n á bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ojú àti ọwọ́. Ní 1975, àwọn dókítà kan tilẹ̀ kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń mú aláìsàn rìn pẹ̀lú ohun tó ń bá a mí.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ pọ̀ sí i, oògùn oorun náà pọ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù kí aláìsàn má fa ọ̀pá èémí yọ, wọn ò sì fẹ́ kó jìyà. Àánú ni wọ́n pè é. Wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn oorun lọ́sàn-án àti lóru, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní 1998, Petty kọ̀wé pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé nígbà tí òun bá wọ ICU, aláìsàn tí òun ń rí kò mira rárá, bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ tó ń dún, èèyàn á rò pé wọ́n ti kú.

Kí ni ìdùbúlẹ̀ ń ṣe fún ara tó bẹ́ẹ̀? Ẹ gbọ́ èyí. Ní 1966, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún tí ara wọn le, ọmọ 20 ọdún, dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn ò ṣàìsàn kankan, wọ́n kàn dùbúlẹ̀ ni. Agbára tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ já wálẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn 30 ọdún, wọ́n tún wá àwọn márùn-ún náà rí, wọ́n tún wọn agbára wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí bẹ́ẹ̀dì ti gba agbára lọ́wọ́ wọn ju ohun tí 30 ọdún ọjọ́ ogbó gbà lọ. Bí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le bá rí bẹ́ẹ̀, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí ìyá ẹni 70 ọdún tí òtútù àyà ti ń jẹ níṣan?

*Nọ́ọ̀sì kan dìde*

Ní 2000, ní Chicago, John Kress àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú ohun kékeré kan: kí wọ́n máa dá oògùn oorun dúró lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ títí aláìsàn á fi lajú. Aláìsàn 128 ni wọ́n lò. Àwọn tí wọ́n ń jí lo nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lórí ẹ̀rọ, àwọn tí wọn kò jí bẹ́ẹ̀ lo ju ọjọ́ méje lọ.

Ní 2003, ní Toronto ní Kánádà, dókítà Margaret Herridge àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn 109 tó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó le, kí wọ́n lè mọ bí ayé wọn ṣe rí. Nígbà tí wọ́n ń kúrò ní ICU, wọ́n ti pàdánù nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n iṣan ara wọn kò tíì padà. Nǹkan bí ìdajì ni kò tíì lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo ka èyí, mo rí Ìyá Àgbà níbẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ rántí jù ni Polly Bailey. Nọ́ọ̀sì ni, bíi tèmi. Ní ilé ìwòsàn LDS ní Salt Lake City, ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbé aláìsàn dìde nígbà tí ọ̀pá èémí ṣì wà lọ́fun wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ sórí àga, lẹ́yìn náà wọ́n á rìn, òṣìṣẹ́ á sì máa ti ẹ̀rọ tẹ̀ lé wọn. Ní 2007, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀: aláìsàn 103, ìgbà 1,449 tí wọ́n jókòó tàbí rìn, ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ tí kò dára kò sì pé ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó yè ló lè rìn ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ nígbà tí wọ́n ń kúrò ní wọ́ọ̀dù náà.

Ní 2009, William Schweickert àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín aláìsàn 104 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n jẹ́ kí apá kan máa jí, kí wọ́n sì máa mira láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn físíò. Apá kejì gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kúrò ní ilé ìwòsàn, 59 nínú ọgọ́rùn-ún apá kìíní ló lè wẹ̀, wọṣọ, jẹun, kí wọ́n sì rìn fúnra wọn. Ní apá kejì, 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

*Àṣejù, baba àṣetẹ́*

N kò ní tàn yín. Kì í ṣe pé kí a máa fi tipátipá lé aláìsàn dìde. Ní 2015, ìwádìí ńlá kan lórí àwọn tó ní àìsàn rọpárọsẹ̀, tó lé ní 2,000, fi hàn pé fífi agbára gbé wọn dìde lemọ́lemọ́ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ kò ṣe wọ́n lóore, ó tilẹ̀ dín ìrètí wọn kù. Ní 2022, ìwádìí mìíràn lórí aláìsàn ICU 750 ní ilẹ̀ mẹ́fà rí i pé eré ìdárayá tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ kò fi èrè kún un, ewu rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ níbẹ̀ náà ní gbígbé dìde nínú o, ṣùgbọ́n ó níwọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti físíò ló máa wo ìfúnpá, èémí àti ọkàn aláìsàn, kí wọ́n tó sọ pé àsìkò tó.

*Kí ló kàn yín níbẹ̀?*

Ẹ mọ bí ọsibítù wa ṣe rí. Nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn, físíò kò kárí. Ìbéèrè ẹbí lè ṣí ilẹ̀kùn. Bí ẹni yín bá wà ní ICU, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun mẹ́ta:

1. Ṣé ó ṣì nílò oògùn oorun yìí, àbí a lè dín in kù?
2. Ìgbà wo ló máa lè jókòó?
3. Kí ni àwa ẹbí lè bá yín ṣe?

Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má dá gbé e dìde níbẹ̀ o. Ọ̀pá, rọ́bà ìtọ̀ àti omi tó so mọ́ ọn lè fà yọ. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ilé. Bí ó bá máa ń lo awò ojú, ẹ béèrè bóyá ẹ lè gbé e wá. Bí nọ́ọ̀sì bá sì gbé màmá jókòó tí màmá ń mí hẹlẹ, ẹ má pariwo pé ó fẹ́ pa á. Ẹ bi í ní ìdí tó fi ń ṣe é.

Bí ó bá ti délé:

Kí ó jókòó jẹun. Oúnjẹ tí ènìyàn jẹ nídùbúlẹ̀ lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ó jókòó lórí àga lójoojúmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ti lè dìde, kí ẹnì kan dúró tì í, kí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, lọ́la kí ó kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Ẹ kó ìtẹ́lẹ̀ tó lè gbé e ṣubú kúrò nílẹ̀.

Bí kò bá tíì lè dìde, ẹ yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí ẹ sì máa wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti ń pọ́n tàbí dúdú.

Ẹ̀kọ gbẹrẹfu nìkan kò tún iṣan kọ́. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, àfi bí dókítà bá kà á léèwọ̀ fún un.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro ó, ẹ má fi àdí tàbí òrí wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀, wíwọ́ lè tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí èémí rẹ̀ bá há lójijì, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí òòyì bá kọ́ ọ tó sì dákú.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú òbí, mo mọ̀ pé ó ń ro yín lọ́kàn láti rí màmá kó máa gbọ̀n bó ti ń dìde. Ó ro èmi náà, ìdí nìyẹn tí mo fi dá a dùbúlẹ̀. Àwọn dókítà ńláńlá pẹ̀lú ṣe àṣìṣe yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àánú ló sì mú wọn ṣe é. Àwa tí a ti gbọ́ ìtàn wọn kò ní àwáwí mọ́. Bí ó bá ní òun fẹ́ jókòó, tí dókítà kò sì dá a dúró, ẹ fún un lọ́wọ́, kí ó jókòó.

Ọlọ́run á fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, wọn á padà sí ìsọ̀ wọn o. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìyá àti ẹgbẹ́ àgbà yín. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó béèrè, màá dáhùn ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ó dàbọ̀.